Ọkọ̀ Àkọ́kọ́ Mi Forí Sọ Bọ́ọ̀sì: Ṣé Mo Lè Tún Un Ṣe Fúnra Mi Nílé?

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìbàdàn ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo rà, òun sì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi. Ní oṣù tó kọjá, bọ́ọ̀sì kan dúró lójijì níwájú mi ní Òjóò láti gbé èrò, mo sì forí ọkọ̀ sọ ọ́ nídìí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ká, fẹ́ńdà ọwọ́ òsì wọlé, iná iwájú kan fọ́, redíétọ̀ ń jò, airbag inú sítíárìn (àpò ààbò tó ń wú nígbà ìkọlù) sì tú. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò farapa. Ẹ́ńjìnì ṣì ń jí dáadáa. Panẹ́ẹ̀lì-bítà àdúgbò wa ní òun yóò so iwájú rẹ̀ mọ́ igi, òun yóò sì fi ṣéènì fà á jáde. Ó ní kí n wá ẹni tó máa rán ojú sítíárìn pọ̀, kí rewáyà sì yọ gílóòbù airbag kúrò lára dáṣíbọ́ọ̀dù. Owó tó pè ju agbára mi lọ. Mo ní sípánà díẹ̀, ọwọ́ mi sì yá sí iṣẹ́. Ṣé mo lè tún un ṣe fúnra mi nínú ọgbà bàbá mi?"

O kú ewu, àbúrò mi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ, ohun tó ń dùn ọ́ ju owó lọ ni pé ọkọ̀ tí o làágùn rà dúró sójú kan, o sì ń bẹ̀rù pé bí o bá fọwọ́ ara rẹ kàn án, o lè bà á jẹ́ ju bó ṣe wà lọ. Ìdáhùn mi ni pé o lè ṣe apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí nílé, pẹ̀lú sípánà àti sùúrù, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ká ni yóò sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ máa parí sí. Irin tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà, tí o kò tíì rí, ni yóò sọ ọ́. Ohunkóhun tí bóòtù bá dì mú, o lè tú u kí o sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n jó mọ́ ara ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́, àti ohun tí wọ́n fi síbẹ̀ láti dáàbò bo ẹ̀mí, kò sí lára ohun tí ènìyàn ń fi kọ́ṣẹ́ nínú ọgbà bàbá rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnì tó ń jí, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Orí rọ́bà tí a ń pè ní ẹ́ńjìnì sítì ni ẹ́ńjìnì jókòó lé, ó sì jìnnà díẹ̀ sí ojú ibi tí ìkọlù ti wáyé. Ó lè la ìjàǹbá já láìní ìpalára kankan nígbà tí irin tó gbé e dúró ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Jíjí rẹ̀ kò jẹ́rìí sí ohun mìíràn ju pé iná ń dé ibi tó yẹ, epo sì ń dé ibi tó yẹ. O sì ti sọ pé redíétọ̀ ń jò: jọ̀ọ́, má ṣe jí ẹ́ńjìnì yẹn mọ́ títí ìwọ yóò fi pààrọ̀ redíétọ̀ náà. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì Corolla rẹ. Bí omi bá tán níbẹ̀ tó sì gbóná kọjá ààlà, orí náà yóò tẹ̀, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì yóò jó, iṣẹ́ tí ì bá jẹ́ ti iwájú ọkọ̀ nìkan yóò sì wá di iṣẹ́ ẹ́ńjìnì. Mo ti rí ọkọ̀ tí ìjàǹbá kò pa ẹ́ńjìnì rẹ̀, tó jẹ́ pé wíwà á dé ilé lẹ́yìn ìjàǹbá ló pa á.

Ohun tí o ní láti mọ̀ kí o tó fọwọ́ kan sípánà ni bí wọ́n ṣe kọ́ iwájú ọkọ̀ náà. Corolla kò ní ṣásí, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀, tó dá dúró bíi ti lọ́rí; ara rẹ̀ gan-an ni ṣásí rẹ̀. Irin gbọọrọ méjì tí inú wọn ṣófo ló na jáde láti abẹ́ ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ sí wá sí iwájú, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn ló sì gbé ẹ́ńjìnì, redíétọ̀ àti bọ́ńpà. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú ìká sí irin wọ̀nyí, kí wọ́n lè ká wọ ara wọn nígbà ìkọlù, kí agbára ìkọlù náà sì tán síbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Béla Barényi, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ fún Mercedes-Benz ní Jámánì, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ náà sì gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èrò náà kọ́ jáde. Àwọn àgbà awakọ̀ wa máa ń sọ pé irin ọkọ̀ àtijọ́ ló dára, pé ti ìsinsìnyí ti fẹ́lẹ́ jù. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ iwájú ọkọ̀ tí kì í ká ń gbé gbogbo agbára ìkọlù náà fún àyà awakọ̀. Ìká tí o rí lára bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ wà lára ohun tó jẹ́ kí o lè jókòó kọ lẹ́tà sí mi.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ ni wíwò àti wíwọ̀n, má sì ra ohunkóhun títí ìwọ yóò fi ṣe é. Tú okùn bátìrì kúrò, ti ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì ìyọkúrò ni kí o kọ́kọ́ tú, kí o sì yẹ bátìrì náà wò dáadáa, nítorí ọwọ́ òsì tí ọkọ̀ rẹ ti gbá gan-an ló wà. Ya àwòrán gbogbo nǹkan kí o tó tú u. Yọ bọ́ńpà, yọ iná iwájú méjèèjì, yọ irin tó dábùú lẹ́yìn bọ́ńpà, kí orí irin gbọọrọ méjèèjì lè hàn sí ọ gbangba. Wò ó bóyá ìkan nínú wọn ti sún pọ̀ bí aṣọ tí a ká, bóyá ọ̀dà ti sán lára rẹ̀, bóyá gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ojú ìsopọ̀ ti là. Lẹ́yìn náà, mú téèpù ìwọ̀n. Wá bóòtù orí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ ọ̀tún, kí o wọ̀n láti ibẹ̀ dé ihò kan ní iwájú irin ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà kí o wọ̀n láti bóòtù orí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ òsì dé irú ihò yẹn gan-an ní iwájú irin ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ihò tó ní ìkejì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ̀n rẹ yóò purọ́ fún ọ. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá bára mu, tàbí tí ìyàtọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ, fi ọkàn balẹ̀. Bí ó bá ti tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin ti yẹ̀.

Má ṣe gbàgbé láti wo ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ṣí ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì, kí o sì tì wọ́n. Bí àlàfo àárín fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn kò bá dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn tó máa ń tì wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ bá ń há báyìí, agbára ìkọlù náà ti kọjá ẹ́ńjìnì wá sí ọ̀dọ̀ rẹ. Àmì náà burú ju fẹ́ńdà tó wọlé lọ. Wo àyíká táyà náà: bí táyà òsì bá sún mọ́ ẹ̀yìn ju ti ọ̀tún lọ, lówà áàmù (apá irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ nísàlẹ̀) tàbí ibi tí wọ́n dè é mọ́ ti tẹ̀.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ṣéènì àti igi ti wọlé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo fẹ́ sọ sí ẹ̀gàn fún àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà wa, nítorí nínú ká fi òòlù àti ìdábùú irin dá fẹ́ńdà padà sí bó ṣe wà, díẹ̀ ni ẹni tó lè bá wọn díje. Ṣùgbọ́n fífi ṣéènì fa irin gbọọrọ láti ọ̀nà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí fífà á padà sí àyè rẹ̀. Irin náà ti lè yẹ̀ sí òkè, sí ẹ̀gbẹ́ àti sí ẹ̀yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń lò máa ń di ara ọkọ̀ mú pinpin nísàlẹ̀, wọn a fà á láti ọ̀nà tó pọ̀, wọn a sì máa wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń fà á. Igi kò ní ìwọ̀n. Ohun tó tún burú ni pé, bí irin náà bá kọ̀ tí kò jáde, wọn a máa fi iná gáàsì mú un gbóná títí yóò fi pọ́n. Irin líle tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ibi wọ̀nyí máa ń pàdánù agbára rẹ̀ nínú iná bẹ́ẹ̀. Yóò tọ́ lójú, ọ̀dà yóò bò ó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkọlù mìíràn kò ní ká níbi tó yẹ kó ká, kò sì ní ká bó ṣe yẹ kó ká. Bí ìwọ̀n rẹ bá fi hàn pé irin gbọọrọ ti yẹ̀, fi ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ kí o gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìwọ̀n. Bí ibẹ̀ bá wọ́n jù fún ọ báyìí, kó dúró nínú ọgbà títí owó yóò fi dé sàn ju kó jáde sójú ọ̀nà pẹ̀lú irin tí a fi igi fà.

Ká ní ìwọ̀n bára mu, tí mo sì gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti sípánà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà, iná iwájú, bọ́ńpà, irin ìdábùú ẹ̀yìn rẹ̀, redíétọ̀ àti fáànù rẹ̀, gbogbo wọn ló ń tú pẹ̀lú bóòtù. Lọ sí ọjà Àràròmí ní Agodi Gate, ìwọ náà ò ní wá a jìnnà. Bí o kò bá rí i níbẹ̀, Ládípọ̀ ní Múṣin ní Èkó kò ní ṣe aláìní i. Kí o tó lọ, ka nọ́ńbà ọ̀dà ọkọ̀ rẹ lára ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí wọ́n kọ C/TR sí, kí o sì wá bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà tòkunbọ̀ tó ní nọ́ńbà kan náà. Bí o bá rí i, o ti bọ́ lọ́wọ́ owó ọ̀dà. Fún àwọn nǹkan wọ̀nyí, mo fara mọ́ tòkunbọ̀ ju Taiwan (ẹ̀yà tuntun tí kì í ṣe ti Toyota gan-an) lọ, nítorí páànù Taiwan sábà máa ń fẹ́lẹ́, ihò bóòtù rẹ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo bá ti ọkọ̀ mu. Redíétọ̀ nìkan ni mo máa ń gba ènìyàn níyànjú láti ra ní tuntun, nítorí ike ni orí àti ìdí rẹ̀, ike tó sì ti darúgbó yóò là láìpẹ́.

Nígbà tí o bá ń tú redíétọ̀, ìwọ yóò rí kọ́ńdẹ́nsà AC níwájú rẹ̀. Bí gáàsì bá ṣì wà nínú rẹ̀, má tú páìpù rẹ̀, nítorí gáàsì náà lè jó awọ ọwọ́ àti ojú bí òtútù líle ṣe ń jó o. Jẹ́ kí oníṣẹ́ AC fa gáàsì náà jáde kí o tó tẹ̀síwájú. Kúlántì ni kí o dà sínú redíétọ̀ tuntun. Omi ẹ̀rọ lásán ń mú ìpẹtà wọnú ẹ́ńjìnì. Bí o bá dà á tán, jí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí, kí o sì tan ẹ̀rọ amóoru inú ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù lè jáde. Bí iṣẹ́ bá gbé ọ dé abẹ́ ọkọ̀, má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè. Ìdúró irin ló wà fún dídì í mú, bíríkì sì máa ń fọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi kan tí mo fẹ́ kí o lo àkókò lé lórí ni ìkọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìdì méjì: èyí tí o ń fa nínú ọkọ̀, àti èyí tí o ń fi ọwọ́ tì lẹ́yìn tí ó bá ti gbéra díẹ̀. Ìkọlù iwájú máa ń tẹ irin tí ìkọ́ náà wà lára rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò sì dàbí ẹni pé ó ti tì. Bí ó bá ṣí lórí eré ní òpópónà Ìbàdàn sí Èkó, yóò dìde bo gíláàsì iwájú rẹ, o kò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Tì í, fà á sókè pẹ̀lú agbára, tún un ṣe, kí o tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ìdì méjèèjì yóò fi mú un láìṣiyèméjì. Lálẹ́, dojú ọkọ̀ kọ ògiri kan kí o sì yí bóòtù iná iwájú títí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yóò fi wà ní ipele kan náà, tí kò ní máa fọ́ àwọn tó ń bọ̀ lójú.

Wàyí o, airbag. Níbi yìí, mi ò lè bá panẹ́ẹ̀lì-bítà rẹ gbà rárá. Bí wọ́n bá rán ojú sítíárìn pọ̀ tí wọ́n sì yọ gílóòbù, ọkọ̀ náà yóò máa sọ fún ọ, àti fún ẹni tí o bá tà á fún lọ́jọ́ iwájú, pé ààbò wà níbi tí kò sí. Jẹ́ kí gílóòbù náà máa tàn. Má sì ra airbag tòkunbọ̀ láti inú ọjà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń tú u, tí ilé iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ọkọ̀, ní kẹ́míkà kan nínú tí ooru àti ọ̀rinrin máa ń sọ di aláìdúróṣinṣin bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Bí ó bá tú, ó lè fọ́ kí ó sì ju èérún irin lu ẹni tó yẹ kó gbà là. Wọ́n ti pe ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ padà nítorí rẹ̀ káàkiri ayé, àwọn Corolla ìgbà ọkọ̀ rẹ sì wà lára wọn, pàápàá ti ẹ̀gbẹ́ èrò iwájú. Takata fúnra rẹ̀ kéde pé òun ti wọ gbèsè ní ọdún 2017. Ooru àti ọ̀rinrin ló pọ̀ nínú ojú ọjọ́ tiwa. Ẹni tó ń ta airbag lórí páálí nínú oòrùn kò mọ iye ọdún tó ti lò níbẹ̀. Fi VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ rẹ, yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lójú ìwé tí àjọ ààbò ojú ọ̀nà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, NHTSA, ṣí fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, bóyá wọ́n ti pe tìrẹ náà padà, nítorí ti ẹ̀gbẹ́ èrò ṣì wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ láìtíì tú.

Bí owó bá wà, ra airbag tuntun lọ́dọ̀ aṣojú Toyota, kí wọ́n sì pààrọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ iwájú. Bí kò bá sí, ohun tí màá ṣe ni pé màá fi owó tí mo ní sórí bẹ́líìtì ìjókòó. Bẹ́líìtì tó ti di ènìyàn mú nígbà ìkọlù ti na, ẹ̀rọ tó ń fà á le sì ti lè ṣiṣẹ́ tán. Fà á jáde, kí o wò ó bóyá ó ń padà geere, bóyá okùn rẹ̀ ti họ. Mo gbà kí o wa ọkọ̀ tó ní bẹ́líìtì tó dára tí kò ní airbag ju kí o wa èyí tó ní airbag tí o kò mọ ibi tó ti wá. Ìdájì ààbò ni, mi ò ní pè é ní odindi, ó sì yẹ kí ẹni tó bá jókòó tì ọ́ mọ̀. Bí iṣẹ́ kankan bá máa mú ọwọ́ rẹ dé ẹ̀gbẹ́ wáyà aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ sítíárìn tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù, tú bátìrì, dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú kan àbọ̀, bí ìwé Toyota ṣe wí, má sì fi gílóòbù ìdánwò kàn án láéláé.

Ọ̀rọ̀ pútì kò gùn. Ó wà fún dídí kòtò tó kù lẹ́yìn tí irin ti tọ́, kò sì yẹ kó nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Bí ó bá ti nípọn jù, yóò sán, omi yóò wọ abẹ́ rẹ̀, irin yóò sì dípẹtà láìsí ẹni tó rí i. Má fín ọ̀dà oníkẹ́míkà méjì nílé. Ó ní èròjà kan tó ń pe àìsàn ikọ́ fée (asthma) wá, ìbòmú tí a ń rà nítòsí kò sì lè dá a dúró. Oníṣẹ́ ọ̀dà ni kí o gbé e fún.

Mo rò pé o tún gbà pé ìwé ìdójútòfò (insurance) rẹ kò wúlò. Bí ti ẹlòmíràn nìkan (third party) ni o ní, èyí tí owó rẹ̀ di ₦15,000 fún ọkọ̀ aládàáni láti January 2023, kò ní san kọ́bọ̀ kan fún Corolla rẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè san owó ìdí bọ́ọ̀sì tí o bà jẹ́, títí dé mílíọ̀nù 3 náírà. Nítorí náà, bí onímọ́tò náà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu fún owó, má fi owó irin iwájú rẹ san án. Sọ fún ilé iṣẹ́ ìdójútòfò rẹ, kí o sì mú ìwé ọlọ́pàá dání. Bí ó bá jẹ́ èyí tó gbòòrò (comprehensive) ni o ní, má tú bóòtù kan títí wọn yóò fi wá wò ó.

Láti inú lẹ́tà, mi ò lè fọwọ́ kan irin náà, ó sì ṣeé ṣe kí téèpù rẹ sọ ohun tó yàtọ̀ sí gbogbo ìrètí mi. Kọ iye gbogbo ohun tí o nílò sílẹ̀, kún un pẹ̀lú owó bẹ́líìtì àti owó ọ̀dà, kí o wá fi wé iye tí irú Corolla bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́jà. Bí irin gbọọrọ bá ti yẹ̀ tí owó náà sì ti sún mọ́ iye ọkọ̀, tà á bó ṣe wà fún àwọn tó ń ra ọkọ̀ fún ẹ̀yà ara rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí wọ́n mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ́ńjìnì tó ń jí yẹn ní owó lórí. Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́, nítorí òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ rẹ.

Bí o bá sì tún un ṣe, gbé e lọ fún aláìnmẹ́ńtì kí o tó wà á jìnnà. Bí onítọ̀hún bá sọ pé táyà òsì kò gbà láti wá sí ìwọ̀n, gbà á gbọ́. Má jẹ́ kí ó fi ipá mú un, padà sídìí lówà áàmù àti irin gbọọrọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wà á yípo àdúgbò láìsáré, dúró, kí o wo ìsàlẹ̀ redíétọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù pátápátá, ṣí ìdérí kí o wo bóyá kúlántì ti lọ sílẹ̀, kí o sì dà sí i. Ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí o tó gbé e jáde kúrò ní Ìbàdàn.